Bọ́tìnnì Alára Àga

Ọfà máòsì tún yẹ̀ kúrò lórí àwòrán ife ojú kọ̀ǹpútà. Bàbá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò fọhùn.

Jùwọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Láti Alẹ́kùwodò l'Óṣogbo ló ti gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí Iléṣà láàárọ̀. Rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún àti ohùn bàbá rẹ̀, Barnabas káfíńtà. Jùwọ́n, tó ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, wá ṣe èyí tí yóò máa gbẹnu sọ fún un. Kò lo bọ́tìnnì onígun mẹ́rin tí gbogbo ayé ń lò. Ó gé tirẹ̀ bí ife, bí ibùsùn, bí àga. Bí Bàbá bá tẹ ife, ohùn á jáde pé, "Omi." Ara àwòrán náà gan-an nìkan ló sì ń dáhùn, bí ọfà bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó parí. Ìyẹn ti wú ọmọ káfíńtà lórí púpọ̀. Ó gbàgbé pé ọwọ́ òsì Bàbá ń gbọ̀n.

Bàbá ju máòsì sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Tí wọ́n bá ti kọjú sógiri báyìí, ó di ọ̀la," ìyá rẹ̀ sọ. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ́, Jùwọ́n. Àbá ni mo kàn ń dá kiri."

Ó rẹ Jùwọ́n débi pé ó fẹ́ wọ mọ́tò padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà. Ó gbé kọ̀ǹpútà sójú fèrèsé, ó dúró níbẹ̀, ó ń tún un kọ. Ife ṣì jẹ́ ife lójú, àmọ́ ó fi àyè gbígbòòrò tí ojú kò lè rí yí i ká. Ọfà tó bá já sínú àyè náà ti ba ife nìyẹn. Gbogbo gígé dáadáa yẹn ṣòfò, ó sì dùn ún.

Ìyá rẹ̀ ní kó wá jẹun. Jùwọ́n ní òun ò ní pẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún gbìyànjú," ló wí nígbà tó parí.

Ó pẹ́ kí Bàbá tó yíjú padà. Ọfà gbọ̀n kọjá ife, ó gbọ̀n kọjá ibùsùn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Bàbá tẹ̀ ẹ́.

"Àga," kọ̀ǹpútà wí.

Jùwọ́n sáré ti ìrọ̀rí sẹ́yìn Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ àga tó jókòó lé. "Ṣé ó ń dùn yín ni, sà? Ṣé ká pààrọ̀ ẹ̀?"

Bàbá tún tẹ̀ ẹ́. "Àga."

Ìyá rẹ̀ ń wo ojú Bàbá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú náà sì ti kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó wà lára àga onígi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tí Bàbá kàn nígbà tí ọwọ́ ṣì jẹ́ ọwọ́. Nínú ilé yìí, ẹni tó bá wọlé kì í sọ ohun tó gbé e wá títí Bàbá yóò fi ní kó jókòó.

"Ìwọ ni wọ́n ń sọ fún," ìyá rẹ̀ wí. "Látìgbà tó o ti dé, o ò tíì jókòó."

Jùwọ́n fa àga náà, ó jókòó. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ẹsẹ̀ ti ń ro òun tó. Bàbá rọra fi máòsì sílẹ̀, ó ń wò ó, kò sì kọjú sógiri mọ́.