Ọ̀kadà Pupa Dúrótoyè

Nígbà tí Tíṣà Nathaniel Ajíbádé fẹ̀yìn tì, òun àti Fadékẹ́mi ìyàwó rẹ̀ kó padà sí Erio. Oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jìnnà sí ìlú, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn mọ́. Ìdí nìyẹn tí tọkọtaya náà fi wọ mọ́tò lọ sí Aramọkọ láàárọ̀ Sátidé kan, láti wo ọ̀kadà àlòkù tí ọkùnrin kan, Dúrótoyè, fẹ́ tà.

Ọ̀kadà náà pupa, ó ga, ó ń dán. Dúrótoyè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dún. Tíṣà fọwọ́ tẹ táyà, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ọ́ìlì ń jò, kò rí nǹkan kan.

"Èyí gan-an ni," ó wí.

"Bàbá Bùnmi, ẹ jẹ́ kí n gùn ún wò ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Dúrótoyè yíjú sí i. "Màmá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Nígbà tí mo ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì abúlé, ọ̀kadà ni mo fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri. Kò sí òkè Ẹ̀fọ̀n tí mi ò gùn."

Ó tú ìró rẹ̀, ó ká a lé èjìká Tíṣà. Ṣòkòtò ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ilé. Ó gun ọ̀kadà náà, ó forí lé ọ̀nà Ilogbo.

"Ṣé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gùn ún gbẹ̀yìn, sà?" Dúrótoyè bi í.

"Bùnmi ò tíì dáyé nígbà náà. Òun náà ti bímọ báyìí."

Dúrótoyè na ọrùn. Ó ń wo ọ̀nà. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, Fadékẹ́mi sì dé, eruku bò ó lójú.

"Ó mọ eré sá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dẹwọ́, òsì ló ń yà sí. Ó ti ṣubú rí."

Dúrótoyè dorí kodò. "Àbúrò mi ló gbé e ṣubú lọ́nà Ìjerò. A ti tún un ṣe, Màmá."

"Ọ̀dà rẹ̀ lẹ tún ṣe. Irin rẹ̀ ṣì wọ́."

"Mo lè máa dì í mú dáadáa," ni Tíṣà wí. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára pupa náà.

"Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oko yẹn, nígbà òjò? Ẹ̀yin ń di ọ̀kadà mú, èmi ń dì yín mú?"

Fadékẹ́mi ti ń wo ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ọ̀kadà kúkúrú kan fara ti ògiri, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Èyí tí mo fi ń lọ oko ni, Màmá. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè fẹ́ ẹ."

Fadékẹ́mi gùn ún, ó ní kí Tíṣà gun ẹ̀yìn. Ọ̀kadà náà rọra ń gun òkè bí ẹni tó ń ronú, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó tẹ́jú, Fadékẹ́mi ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

"Fadékẹ́mi, dì í mú!"

"Ṣé ẹ rí i? Ó ń lọ tààrà."

Wọ́n dúnàádúrà lórí èyí kúkúrú, wọ́n gbà. Dúrótoyè ní òun á gbé pupa lọ bá jórinjórin, kí òun náà lè máa rí nǹkan gùn lọ oko. Fadékẹ́mi ló wa ọ̀kadà wọn lọ sílé. Àwọn tó mọ Tíṣà ń kí i lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń fi ọwọ́ kan dá wọn lóhùn. Ìbàdí ìyàwó rẹ̀ ni èkejì wà.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Erio, ó bi í bóyá kí òun gbà á wà.

"Ó di ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn," ni Fadékẹ́mi wí.

Tíṣà ní kò burú. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, orúnkún kò sì dùn ún.