Ọwọ́ Lásán Nínú Eérú

Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí iná bá sọ, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀. Ìyá Panápaná kò sí lára wọn. Bó bá gbọ́ pé iná ń jó níbì kan, kò ní bèèrè ilé ta ni, kò ní bèèrè ohun tó fà á, bàtà ni yóò ti máa wá. Ọkọ rẹ̀, tó ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wọn, a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ò fẹ́ ìyàwó, ẹsẹ̀ méjì tí kì í gbélé lòun fẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà ní ìparí òpópónà wọn ni àwọn ará àdúgbò gbé ọkọ̀ panápaná àlòkù kan sí, lábẹ́ páànù. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti le, tí àyà rẹ̀ ò sì já, wọ́n ń gbà á. Kò sí owó oṣù níbẹ̀ o. Ẹ ṣeun ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀yìn ríro, àti èéfín tí yóò máa rùn lára ẹni títí di ọjọ́ kẹta. Bí fèrè bá ti ké, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì á fi ìyẹ̀fun sílẹ̀, mẹkáníìkì á yọ́ jáde lábẹ́ mọ́tò, Ìyá Panápaná náà á sì fi ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà kan, ó fi ọbẹ̀ sórí iná lọ pa iná ilé ẹlòmíì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n wá pa ti ilé òun náà. Ọkọ rẹ̀ ò tíì jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ di báyìí.

Ibi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ló ti gbọ́ pé àwọn tó ń ṣọ́ igbó ìjọba ń gba èèyàn lẹ́ẹ̀rùn. Èyí lówó lórí, àmọ́ owó tí kì í pẹ́ tán ni. Bí koríko bá ti ń gbẹ, àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Igbó á fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn lọ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn, kálukú a dilé ẹ̀. Láàárín méjèèjì, wọn a máa sun inú àgọ́, wọn a máa fi ṣọ́bìrì la ilẹ̀ kí iná má baà rí koríko jẹ kọjá, wọn a máa pọn omi sẹ́yìn gun òkè. Obìnrin yìí fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú a máa tì í láti sọ ọ́. Ọdọọdún ló ń lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà tí kò sí nílé, ó mọ̀wé kà nígbà tí kò sí nílé, ó sì kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé, tó fi jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló sáré lọ pe obìnrin aládùúgbò, tí òógùn bò ó.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ náà ti dé kíláàsì àṣejáde. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ìyá ṣe ń di irun rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ̀ẹ̀rùn yìí nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì mí kí n fi ṣe ìdánwò tán.” Kò bínú sọ ọ́ rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ àlejò pé kó jẹun kó tó máa lọ, ìyẹn ló sì dun ìyá rẹ̀ jù.

Ìyá dáhùn pé òun ò ní lọ. Ṣùgbọ́n owó igbó ni wọ́n fi ń san owó ilé, abẹ́rẹ́ ọkọ rẹ̀ nìkan ò lè gbé e. Ọ̀nà kan ló wà: iléeṣẹ́ panápaná ìlú ń gba òṣìṣẹ́ tuntun, àwọn tí yóò máa gba owó oṣù lójò lẹ́ẹ̀rùn, tí wọn á sì máa sùn nílé wọn. Ọjọ́ orí tí wọ́n sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá kò jìnnà sí tirẹ̀ mọ́. Tí kò bá wọlé lọ́dún yìí, kó máa wò wọ́n lókèèrè ni. Ló bá lọ fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ fún ìdánwò. Ọjọ́ yẹn náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, ni Bàbá Igbó ní òun ń bọ̀ wá kó àwọn èèyàn òun.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin yìí ò lè jókòó. Ó gbálẹ̀ tó ti gbá, ó fọ korobá tó ti fọ̀, ó gbé àpò aṣọ kan gorí àtẹ̀gùn, ó bọ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn lásán kí èémí rẹ̀ má baà tètè gé lọ́jọ́ ìdánwò. Ọkọ rẹ̀ yọjú lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní bó bá tún gbá yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, sìmẹ́ńtì á tán nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kò pẹ́ ló tún mú un. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun ti di àpò igbó sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí bí wọn ò bá mú òun ni. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá irọ́ ni.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà kó gbogbo wọn jọ sínú àgbàlá, ọkùnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí gbogbo ojú sì máa ń wà lára rẹ̀. Ó ka òfin fún wọn. Ó ní òfin tó ṣáájú gbogbo òfin ni pé ìbọ̀wọ́ ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí yóò fi jáde nínú ilé tó jó. Ìyá Panápaná gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ mi orí.

Ó fa rọ́bà omi kọjá àgbàlá kí àwọn ọmọkùnrin tó kéré sí i tó gbé tiwọn. Ó gun àkàbà, ó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wá tì í wọ yàrá èéfín, òun àti ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń ta táyà, pé kí wọ́n wá ọmọláńgidi kan tí wọ́n gbé pamọ́ síbẹ̀ jáde. Dúdú ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n wọlé ni èémí ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ló bá ń wá bí yóò ṣe fa ìbòjú èéfín tí wọ́n fi sí i lójú yọ. Obìnrin yìí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́, pé kó ka táyà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún òun, àwọn ńlá kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó ka àwọn kékeré. Oní-táyà ń ka táyà, wọ́n ń wọ́ lọ, wọ́n bá ọmọláńgidi náà lábẹ́ tábìlì, wọ́n gbé e jáde.

Ó ku iṣẹ́ kan ṣoṣo. Yàrá kan wà tí wọ́n dáná sun fún ìdánwò yìí, tí wọ́n sì ti pa iná rẹ̀, ibùsùn àti àga ti di eérú nílẹ̀. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ti kú tán. Ọ̀pá onírin wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi tú eérú.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá lọ igbó rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú igbó, iná a máa ṣe bí ẹni tó kú. Á wọ inú gbòǹgbò igi, á dákẹ́ síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá dé lọ́jọ́ kejì á tún dìde. Nítorí náà, Bàbá Igbó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí iná bá ti lọ sílẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ lásán wá ooru lórí eérú, díẹ̀díẹ̀, títí wọn á fi rí ibi tó sá pa mọ́ sí. Ọdún mélòó ni obìnrin yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀! Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ó kúnlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Nígbà tí ọ̀gá fọn fèrè, obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì ló ṣẹ̀. Ìgbà tó wolẹ̀ ló rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú eérú, ní ìhòòhò, àti ìbọ̀wọ́ lórí orúnkún.

Ọ̀gá ò pariwo mọ́ ọn. Ó ní wáyà iná mànàmáná máa ń wà nínú eérú ilé, ìṣó máa ń wà níbẹ̀, dígí máa ń wà níbẹ̀, ká ní ilé gidi ni èyí, òkú ni àwọn ì bá gbé jáde, nítorí náà àwọn ò lè gbà á. Obìnrin yìí ò jiyàn. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kí wọn, ó bọ́ aṣọ wọn fún wọn.

Ó ti dé ẹnu géètì kí ọ̀gá tó pè é padà. Ó ní òun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá èéfín, òun gbọ́ bó ṣe ń bá oní-táyà sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnì kan ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nídìí tẹlifóònù, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìpè àwọn tí ilé wọn ń jó. Iṣẹ́ olówó oṣù ni, wọn kì í wo ọjọ́ orí níbẹ̀. “Ọwọ́ rẹ ò gbọ́ tiwa,” ló wí, “ṣùgbọ́n ohùn rẹ balẹ̀. Tó o bá fẹ́ ẹ, pè mí kí ilẹ̀ òní tó ṣú.”

Ó ní òun á rò ó.

Kí n má purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń lọ sílé. Ó yẹ kó máa sunkún, ojú rẹ̀ sì kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń rìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fúyẹ́. Òun ti gbìyànjú, àbí? Ta ló lè sọ pé òun ò gbìyànjú? Ní ti ìdí tẹlifóònù, kí ni panápaná ń wá nínú àga? Kí òun máa gbọ́ ìpè, kí ọkọ̀ máa jáde, kí òun máa wo ògiri? Kó tó dé ilé, ó ti rí àgọ́, ó ti ń gbóòórùn koríko gbígbẹ.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé wọn ò mú òun. Ti tẹlifóònù, kò mẹ́nu bà á. Ọkọ mí kanlẹ̀, ó ní kí orí má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ní kó mú ṣòkòtò igbó rẹ̀ wá kí òun bá a lẹ ibi orúnkún. Obìnrin náà wọ yàrá, ó fa àpò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ ṣòkòtò náà fún un, ó sì padà sídìí àpò. Ọmọ rẹ̀ wọlé bá a níbẹ̀. Ó wo àpò tó ti kún dẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí yóò ṣe máa ṣe. Òun á máa se oúnjẹ sílẹ̀ lálẹ́ kí òun lè kàwé láàárọ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin aládùúgbò á jí òun. Kí ìyá òun má ṣèyọnu.

“Ó ti mọ́ mi lára báyìí, Màmá,” ó ní. “Nígbà tí mo kéré, bí ẹ bá dé, mo máa ń sá fún yín, nítorí mi ò mọ̀ yín dáadáa. Ní báyìí, n kì í sá mọ́.”

Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni. Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí.

“Wọ́n fún mi níṣẹ́ kan,” ó ní. “Ìdí tẹlifóònù ni. Olówó oṣù.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní yàrá iwájú. Ọmọ náà bèèrè ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún wọn. Ìyá ní òun sọ pé òun á rò ó.

“Ṣé ẹ ti wá rò ó?”

Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè ọkọ̀ akẹ́rù dún lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń pè é látẹ̀yìn ọkọ̀, ẹnì kan ń kọrin, Bàbá Igbó ń bèèrè pé ṣé ó fẹ́ kí oòrùn wọ̀ mọ́ àwọn lórí ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dìde fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó tún jókòó.

“Lọ bá mi sọ fún un pé n ò lọ,” ó ní.

“Ẹ ò ní wá kí wọn ni?”

“Ìwọ lọ. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, n ó gun ọkọ̀ náà.”

Ọmọ náà sáré jáde. Ìyá gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó gbọ́ bí Bàbá Igbó ṣe ń bèèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá, ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ní ara rẹ̀ yá, iṣẹ́ ló rí sínú ìlú. Wọ́n pariwo pé ó kú oríire. Ọkọ̀ ṣí. Ó ń fetí sí i títí tó fi yà ní kọ́nà, tí kò gbọ́ ọ mọ́, ó sì sunkún, kì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ó dùn ún wọra. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ṣòkòtò tó ti lẹ̀ tán lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

À ń sunkún, à ń ríran. Ó nu ojú, ó pe ọ̀gá lórí fóònù, ọ̀gá sì ní kó máa bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Lẹ́yìn náà, òun àti ọmọ jókòó sídìí tábìlì. Ó ní kó ka ìwé rẹ̀ sókè kí òun gbọ́. Ọmọ náà ń kà, ìyá ń mi orí bí ẹni tó yé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì láìdúró, débi pé ife omi tó wà lórí rẹ̀ ń mì. Ọmọ náà ò gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ó kàn na ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó gbé e lé ti ìyá rẹ̀, ó sì ń kàwé lọ.