Jákẹ́ẹ̀tì Pupa Inú Àpótí

"Màmá, ẹ fà á yọ ná, ká rí i."

Tísà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ níwájú àpótí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìyá rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ìyá fúnra rẹ̀, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì kó káńfọ̀ kúrò, ó fa jákẹ́ẹ̀tì òtútù pupa kan jáde nínú náílọ́nù tó ti dì í mọ́ pinpin. Káàdì tí wọ́n so mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún gbọ̀n ọ́n. Jákẹ́ẹ̀tì ò wú. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ibùsùn bí ìrọ̀rí ogbó.

"Kí ló ṣe é?"

Tísà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì. "Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi sínú ẹ̀ ló ti kú, Màmá. Ó ti pẹ́ jù nínú dídì."

"Mo ṣáà tọ́jú ẹ̀ ni!"

Òótọ́ ni, ó tọ́jú ẹ̀. Ìtọ́jú yẹn gan-an ló pa á.

Ọkọ ẹ̀ ló ra jákẹ́ẹ̀tì náà fún un. Bíríkìlà ni ọkùnrin yẹn, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń gun àkàbà lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ tó bá dọjọ́ ìsinmi, òkè tó wà lẹ́yìn ilé wọn ni yóò tún gùn. Bàbá Olókè làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń pè é. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ ìyàwó ẹ̀ fún: kó bá òun dé òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Nọ́ọ̀sì ní òtútù orí òkè á pa òun. Ló bá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọlọ́jà kó oríṣi méjì síta. Èyí tí wọ́n fi òwú sínú ẹ̀ lè fara da òjò, ṣùgbọ́n ó wúwo. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí fúyẹ́, ó sì móoru jù, àmọ́ òjò ni ọ̀tá ẹ̀.

"A ò ní lọ lọ́jọ́ òjò," ni Bàbá Olókè wí. "Oníyẹ̀ẹ́ ni kó o dì fún wa."

"Ẹ mú dúdú, sà. Kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn."

"Rárá o, pupa. Arìngbẹ̀rẹ̀ nìyàwó mi. Tí mo bá bojú wẹ̀yìn lójú ọ̀nà, mo fẹ́ máa rí i."

Wọ́n délé, Nọ́ọ̀sì ní aṣọ olówó gọbọi bí èyí, òun ò ní wọ̀ ọ́ lásánlàsàn. Ó dì í. Bàbá Olókè ní, "Má dì í o, gbé e kọ́. Ìyẹ́ ń fẹ́ àyè." Nọ́ọ̀sì fi í rẹ́rìn-ín ni. Ó ṣáà mọ bí ọkùnrin náà ṣe ń tọ́jú jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ tiẹ̀: ọṣẹ ọmọdé ló fi ń fọ̀ ọ́, kì í fún un rárá, á rọra tẹ omi ẹ̀ dànù, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á wá máa fọwọ́ tú ìyẹ́ tó bá dì pọ̀. "Ọmọ tí mo bí fún ẹ, o ò wẹ̀ ẹ́ báyìí rí!" ni Nọ́ọ̀sì máa ń wí.

Ọdọọdún ló ń béèrè: "Nọ́ọ̀sì, ọdún yìí ńkọ́?"

"Ọdún tó ń bọ̀. Jẹ́ kí ọmọ wa jáde ìwé." Nígbà tó yá: "Jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì." Nígbà tó tún yá: "Orúnkún ń dùn mí."

Bàbá Olókè á dá lọ, á dá bọ̀. "Mo rí òrùlé wa látòkè," á ní. "Mo ń wò ó bóyá wàá yọjú síta." Àìsàn mú un, kò sì pẹ́ tó fi lọ. Ọ̀la ló máa pé ọdún kan, òkè yẹn ni ìyá àtọmọ sì pinnu láti lọ fi rántí ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ bí Dádì ṣe máa ń fọ tiwọn," ni Tísà wí.

Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ omi ẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì jókòó tì í, wọ́n ń fọwọ́ tú ìyẹ́ inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú fi ṣú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ibì kan wú díẹ̀, èjìká tẹ́ bó ṣe wà, inú ẹ̀ sì tutù.

"Ẹ̀pa ò bóró mọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó sá a sórí okùn, ó padà wọlé. "Tísà, kò tíì gbẹ. Jẹ́ ká fi lílọ yìí sílẹ̀ ná. Tó bá dọdún tó ń bọ̀..."

Tísà bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ tún ti sọ ọ́!"

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ohun tó tẹnu ara ẹ̀ jáde. Báyìí náà ló ṣe dá ọkùnrin yẹn lóhùn títí ikú fi mú un lọ.

Ó bojú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Jákẹ́ẹ̀tì ọkọ ẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó tó fi kọ́ sí. Àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí, wọ́n ti lẹ ìgúnpá ẹ̀, iná ti jó etí ẹ̀ kan. Síbẹ̀ ó wú dáadáa. Nọ́ọ̀sì gbé e wọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ gùn kọjá ìka ẹ̀.

"Àbí ẹ ò rí mi! Bí ọmọ tó jí ẹ̀wù bàbá ẹ̀ wọ̀."

Tísà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

"Bá mi ká ọwọ́ ẹ̀ sókè," ni ìyá wí. "Ká máa lọ."

Wọ́n sinmi lọ́nà lọ́pọ̀ ìgbà nítorí orúnkún. Tísà ló ṣíwájú, ó sì ń bojú wẹ̀yìn ṣáá. Atẹ́gùn orí òkè mú bí abẹ, ṣùgbọ́n òtútù ò ráyè wọnú jákẹ́ẹ̀tì bàbá. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí òkúta tí Tísà nawọ́ sí, níbi tí bàbá ẹ̀ sọ pé òun máa ń jókòó sí. Ó ń wá òrùlé wọn nísàlẹ̀. Kó tó rí òrùlé, ó rí ohun kan tó ń fì lẹ́yìn ilé kan, kò tóbi ju ẹyọ ata lọ.

"Kí ni pupa yẹn?"

"Jákẹ́ẹ̀tì yín ni, Màmá. Èyí tẹ́ ẹ sá."

Nọ́ọ̀sì wò ó, wò ó. "Ó hàn tó báyìí?"

"Ó hàn."

"A jẹ́ pé ká ní mo kàn wọ̀ ọ́ jáde sẹ́yìn ilé lásán, tí mo fi ń sá aṣọ, bàbá ẹ ì bá ti rí mi."

Tísà jókòó tì í, ó sì gbá a mọ́ra, ìyá náà sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Tá a bá délé," ó ní nígbà tó nu ojú ẹ̀ tán, "ìwọ ni kó o máa wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa yẹn. Máa wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì. Tó bá ya, a máa lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì ọkọ ẹ̀ dé àgbọ̀n.

"Èmi ti wọ tèmi."