Òyìnbó Onígìtá Tó Ń Gbé ní Pálọ̀ Wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́, kí ẹ má baà rò pé àbùkù rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Gbádé, ọmọ Iléṣà, tó ń ta gíláàsì mọ́tò ní Ládípọ̀ ní Muṣin, kì í dákẹ́. Tó bá ń jẹun, ọbẹ̀ mi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè mi ni. Lọ́jọ́ tí mo bí Pẹ̀lúmi, ọmọ wa kan ṣoṣo, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà títí, ó wá ní, "Ìyàwó, imú Ìjẹ̀bú yìí lo wá kó bá ọmọ ọlọ́mọ." Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo ti ju kọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Mo máa ń bú u, mo máa ń kígbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nítorí náà, nígbà tó dákẹ́, ẹ̀rù bà mí.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀ tán ní Iléṣà ní oṣù kìn-ín-ní. Ẹ má wulẹ̀ káàánú wa. Ìyá ti dàgbà gan-an, wọ́n ti rí ọmọ-ọmọ, wọ́n ti bú ọmọ-ọmọ, ojú oorun ni wọ́n sì gbà lọ. Òkú àgbà ni. A kì í sunkún irú rẹ̀, ijó ni wọ́n ń jó o. A jó títí bàtà mi fi já. Gbogbo ẹni tó wá bá wa, "Ẹ kú ìnáwó" ni wọ́n ń kí wa, àwa náà ń dúpẹ́, ara ń yá gágá. Nígbà tí a padà sí Èkó, mo rò pé ó rẹ Gbádé ni. Mo ní kó sinmi, ẹnu rẹ̀ á tún là.

Ibi tí a dé nìyẹn tí Pẹ̀lúmi fi gbé òyìnbó wá sílé.

Ẹ fara balẹ̀, orin òyìnbó ni mò ń sọ. Pẹ̀lúmi ń kàwé ní Yábàá, ó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ sí ilé wa ní Àgùdà láti wá jẹ oúnjẹ wa tán. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń gbálẹ̀ pálọ̀, ó so fóònù rẹ̀ mọ́ sípíkà kó lè máa gbọ́ orin tó yá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì kan nǹkan mìíràn. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pẹ̀lú gìtá, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ náà fẹ́ pa á, bàbá rẹ̀ sì ní, "Fi sílẹ̀."

"Daddy, folk rock ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi gbogbo album ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti slow jù."

"Mo ní fi sílẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò tíì gbọ́ orin rí. Ohùn ọkùnrin náà lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tí ojú sì ń tì í. Ó máa ta okùn gìtá kan, á dúró. O lè lọ pọn omi kó o sì dé kó tó ta èkejì. Ìlù wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo lérò pé onílù náà ń sùn láàárín. Orin inú àwo náà ò pọ̀, síbẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbé ẹ̀wà kaná, ẹ̀wà á jinná, a ó jẹ ẹ́, òyìnbó ò ní tíì ṣetán.

Gbádé ní kí Pẹ̀lúmi fi gbogbo rẹ̀ sórí fóònù òun. Láti ọjọ́ yẹn lòyìnbó ti di ará ilé wa. Láàárọ̀, kó tó lọ sí Ládípọ̀, òyìnbó. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, òyìnbó. Bí wọ́n mú iná lọ, sípíkà yẹn ní bátìrì tirẹ̀, ọ̀tá mi ni. Ọkọ mi á jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á gbé ọwọ́ lé itan, á máa gbọ́ ọ. Kò ní sọ̀rọ̀. Kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo gbìyànjú o. Mo ní, "Bàbá Pẹ̀lúmi, ṣé ọ̀gbẹ́ni yìí máa jẹun lálẹ́ yìí, kí n lè mọ bí ìrẹsì tí màá sè ṣe máa pọ̀ tó?"

Ó ní, "Hùn."

Lọ́jọ́ kejì mo mọ̀ọ́mọ̀ da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ ilá. Mo da iyọ̀ débi tí àlejò kò ní lè gbé e mì. Mo wá jókòó tì í, mo ń retí èébú mi. Gbádé jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "O ṣé." O ṣé! Ọkàn mi bàjẹ́. Èmi tí mo ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé rẹ̀, mo wá ń wá ìjà bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù.

Mo rò ó pé bóyá obìnrin kan wà níta. Mo tún rò ó pé obìnrin wo ló máa fẹ́ ọkùnrin tó ń gbọ́ irú orin yìí. Ṣọ́ọ̀bù ìṣerun mi wà ní iwájú ilé wa gan-an, orin náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ bá wa níbẹ̀. Oníbàárà mi kan, Rosaline, tó jókòó kí n dì í ní irun, bẹ̀ mí pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í kíá. Orin yín yìí ti fẹ́ mú mi rántí ọkùnrin tó já mi sílẹ̀."

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gun orí ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di Sátidé mìíràn, sùúrù mi tán. Gbádé wọ ilé ìwẹ̀, ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, òyìnbó sì ń kọrin lọ. Mo pe Pẹ̀lúmi.

"Pa orin yẹn rẹ́. Gbogbo ẹ̀. Kó má ku ẹyọ kan."

"Mummy, that's wicked. Kí lẹ ò ṣe bi wọ́n ní nǹkan tó ń ṣe wọ́n?"

"Ṣé mi ò tíì bi í ni?"

"Ẹ bú wọn ni. Ẹ ò bi wọ́n."

Ẹ rí ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi bí. Mo fẹ́ fèsì tó yẹ ẹ́, ìgbà yẹn la gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Alhaja Bàlíkísù ni, àgbà ilé wa, tó ń gbé nísàlẹ̀. Bàbá Quadri, tó ń gbé lókè wa, tẹ̀ lé wọn. Alhaja ò wọ góòlù kankan sọ́rùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n kì í bọ́ góòlù wọn kódà tí wọ́n bá ń da omi nù. Bàbá Quadri ṣí fìlà, ó gbé àpò píọ̀ wọ́tà méjì léjìká. Wọ́n jókòó. Wọ́n mí kanlẹ̀. Òyìnbó nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ó parí. Wọ́n wá fi ẹjọ́ ariwo sùn. Mo kúnlẹ̀ kíá.

"Alhaja, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù."

"Kò ní pọ̀ ju agbára yín lọ, lágbára Ọlọ́run," ni Alhaja wí.

"Òní yìí gan-an ló máa dópin. Mo ti ń sọ fún Pẹ̀lúmi."

"Ẹ má kánjú, Ìyá Pẹ̀lúmi," ni Bàbá Quadri wí, ó ń mi orí. "Kì í tán lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó ṣe é títí ara á fi tù ú."

Mo wò wọ́n. Irú aládùúgbò wo nìyí, ní Àgùdà, tó ń bẹni pé kéèyàn má pa sípíkà? Alhaja tún bèèrè bóyá ara ìyá mi le ní Ìjẹ̀bú. Mo ní mo bá wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn, wọ́n ń bú mi. Wọ́n bèèrè Ẹ̀gbọ́n Ọláyíwọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo ní wọ́n wà ní Iléṣà, wọ́n ń jẹyán. Alhaja àti Bàbá Quadri wojú ara wọn. Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Ẹnì kan kì í já wọlé kó ní kí wọ́n sọ orúkọ òkú fún òun. Àgbà á jókòó ni, á fi ìlera ẹni kọ̀ọ̀kan lọ̀ ọ́, títí á fi kan ẹni tí o ò ní lè dáhùn fún.

"Alhaja! Kò sẹ́ni tó kú o!"

"Orin ẹkún tẹ́ ẹ ń gbọ́ lójoojúmọ́ wá ńkọ́?"

"Orin òyìnbó lásán ni! Gbádé kàn ń gbọ́ ọ ni!"

Ẹ̀rín ti dé ọ̀fun mi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín títí màá fi dọ̀bálẹ̀. Gbádé sì yọ láti ilé ìwẹ̀, táwẹ̀lì lọ́rùn, omi ṣì ń kán ní etí rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Alhaja, ẹ má dá a lóhùn," ló wí. "Ìyá mi ló kú."

Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu. "Bàbá Pẹ̀lúmi, ìyá tá a ti sin? Tá a jó?"

"Àwọn náà ni." Ó jókòó sí àga rẹ̀. "Ẹ jó, mo jó. Nígbà tí wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ lé wọn, ojú mi fẹ́ bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, 'Gbádé, ìyá tó fọwọ́ rọrí kú, rẹ́rìn-ín jàre.' Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé wá kí mi kú ìnáwó. Ṣé ìnáwó ló kú ni? Alhaja, tí mo bá ti Ládípọ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, màmá mi ni mo máa ń pè. Wọ́n á bú mi, èmi náà á tọ́ wọn níjà, títí màá fi délé. Mo ṣì máa ń yọ fóònù. Ta ni kí n pè?"

Alhaja na ọwọ́ sí sípíkà. "Òyìnbó yìí, kí ló ń sọ?"

"Ó ní òun wà nílé ìyá òun, òun ń wá ibi tí wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí, kò sì sẹ́ni tí òun lè bi." Gbádé fi táwẹ̀lì nu ojú. "Kò sẹ́ni tó ní kí òun jó."

Èmi mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé àgbà ni ìyá, kó gba kámú. Àṣà wa nìyẹn, àṣà náà sì dára. Ṣùgbọ́n Alhaja dìde, wọ́n lọ di ọwọ́ ọkọ mi méjèèjì mú, wọ́n kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ikú dédé já lù.

"Gbádé, ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kò sí ìyá tó gbó jù lójú ọmọ ẹ̀. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ọkọ mi bú sẹ́kún. Ọkùnrin gìrìpá tó ń gbé gíláàsì bọ́ọ̀sì nìkan, ó sunkún títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Bàbá Quadri gbójú sókè, ó ń wo fáànù tí kò yí. Pẹ̀lúmi lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Alhaja ní kí wọ́n tún òyìnbó bẹ̀rẹ̀, ká jọ gbọ́ ọ. Gbogbo wa jókòó. Gìtá ta, ó dúró. A ń retí. Ó pẹ́ kí Bàbá Quadri tó fara balẹ̀ bèèrè pé, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó ti dé àárín, sir," ni Pẹ̀lúmi wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà wá gbé ohùn, èmi náà sì fetí sí i dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Mi ò gbọ́ gbogbo òyìnbó rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni mo gbọ́. Obìnrin náà kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá sí Èkó, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bèèrè bóyá mo ti kọ́ ọbẹ̀ sísè. Tí wọ́n bá fẹ́ padà, ní gáréèjì Jíbówú, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọn ò ní fẹ́ fi í sílẹ̀ títí awakọ̀ á fi máa fọn fèrè mọ́ wa. Mo ti ṣètò oúnjẹ òkú wọn, mo ti bá alásè jà, mo ti jó. Mi ò sì tíì rántí ọwọ́ yẹn.

Ojú mi kún. Mo fi etí ìró nù ún kíá, mo sì díbọ́n pé mò ń wá nǹkan lábẹ́ àga. Gbádé rí mi. Ó fi ojú pupa yẹn wò mí, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń wọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà.

"Ìyá Pẹ̀lúmi," ló wí, "o ń sunkún. Ta ló kú?"

Mo ní, "Ìyá wa ni."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, madam. Bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ yín ló pa wọ́n."

Mo wá àga tí mo lè jù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n omi ojú ò jẹ́ kí n ríran.