Ọ̀rọ̀ fún Ọwọ́ Tó Kú

"Ta ló sọ obìnrin yìí di adití?"

Ọ̀gá ju ìwé náà sórí tábìlì. Atúmọ̀-èdè wò ó, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ń tú ìwé òyìnbó sí èdè Jámánì ní ọ́fíìsì yìí. "Àǹtí Jámánì" ni gbogbo wọn ń pè é. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tó ṣàṣìṣe kẹ́yìn.

"Dókítà tó kọ ìwé ló ní ó 'numb', ọ̀gá. 'Taub' ni mo kọ."

"Ilé ìwòsàn Jámánì tó fẹ́ lọ gba ìtọ́jú sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà iṣan, wọ́n ti tì í sọ́dọ̀ dókítà etí! Bí àtúnṣe ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago méjì tó lù, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí àyè tó tún yọ. Ìyá aránṣọ tó ni ìwé náà fúnra wọn ló wà níta yẹn, etí wọn sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí ketekete."

Ó yẹ kí ẹ̀rù ba atúmọ̀-èdè, tàbí kí ojú tì í. Kò sí èyí tó wá nínú méjèèjì. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ti kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ó fọ abọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ó lọ́kàn akin. Akin kọ́, kò mọ nǹkan kan lára ni.

Ó fa ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yọ. Ibẹ̀ ló ti rí i pé inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí "mú" ni "numb" ti jáde: ẹni tí nǹkan ti mú lọ. Àwọn ará Jámánì ṣì ń lo mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ náà, "nehmen", fún mímú. Ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti rí "benommen", ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú, tí orí rẹ̀ ò pé síbì kan. "Taub" dára fún ẹsẹ̀ tó kú, ṣùgbọ́n bí a bá fi pe odindi èèyàn, adití la pè é. "Gefühllos" náà dára fún ọwọ́. Fi pe èèyàn, o ti bú u ní ọ̀dájú nìyẹn. Dókítà kò dárúkọ ọwọ́, kò dárúkọ ẹsẹ̀. Ó yẹ kí òun ti béèrè. Òun ò béèrè.

Ó jáde lọ bá ìyá aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń ṣe yín gan-an? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

"Ọwọ́ mi ni, ọmọ mi. Méjèèjì, láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun oníbàárà lọ́jọ́sí, mo ń wá ẹni tó fara pa kiri ṣọ́ọ̀bù. Àṣé èmi ni abẹ́rẹ́ gún!" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ọkàn yín ńkọ́?"

"Ọkàn mi? Ìyẹn ń dùn mí dáadáa! Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ. Bí ọkàn mi náà bá ti kú, ṣé màá jókòó síbí kí ọ̀gá yín máa pariwo lé mi lórí?"

Ó padà wọlé, ó kọ ọ́ pé ọwọ́ méjèèjì aláìsàn náà ló "taub", ó sì fi kún un pé etí rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni èsì dé: orúkọ ìyá ti padà sọ́dọ̀ dókítà iṣan. Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyá, wọ́n dúpẹ́ títí, wọ́n wá tẹjú mọ́ ọn. "O bi mí nípa ọkàn. Kò sí dókítà tó bi mí ní ìyẹn rí. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Ọmọ mi kú." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíì. "Oṣù mẹ́jọ ni."

Ìyá kò ní kó mọ́kàn le. Wọn kò ní òmíràn ń bọ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, mà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Bàbá ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń dùn ún?"

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti omi nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

"N ò mọ̀. N ò tíì bi í."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá wí. "Àìbéèrè ló sọ mí di adití o."

Atúmọ̀-èdè lọ dúró níwájú ọ̀gá. "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ọ̀gá."

"Ara rẹ ò yá ni?"

"Ìsọ̀ ọkọ mi ni mò ń lọ. A ò tíì jọ sunkún ọmọ wa."

Ọ̀gá kó àwọn ìwé tó kù lórí tábìlì atúmọ̀-èdè sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Omijé kò tíì wá bí atúmọ̀-èdè ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀.