Ewé Kẹjọ Lórí Aṣọ Tábìlì

Ìyàwó ọmọ mi ń so ríbọ́ọ̀nì mọ́ ẹsẹ̀ àga kẹta nígbà tó ní kí n dìde lórí ìkẹrin. Mo dìde. Ìgbà kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú yàrá tó jẹ́ pé èmi ni mo fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti tan àbẹ́là mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ òòrùn ń wọlé tọ̀ wá. Ó gbé ìkòkò òdòdó ràgàjì sáàárín tábìlì, ẹni tó bá jókòó níhìn-ín ò ní rí ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ó fi pépà ṣe ẹyẹ, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí àwo. Àwo mẹ́ta-mẹ́ta ló tò léra wọn níwájú àga kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnu mẹ́ta ni kálukú ń gbé bọ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni aṣọ tuntun kan wà, tó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja.

Ó bi mí bóyá ó wuyì. Mo ní ó pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Ó rò pé mo yìn ín ni.

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi ń rúwé, a máa ń ní ìsinmi ọjọ́ méjì. Tábìlì yìí ni ìdílé wa ti ń jẹun pọ̀. Èmi ni mo kàn án. Ìyàwó mi ló ń tẹ́ ẹ, aṣọ kan ṣoṣo ló sì ń lò: aṣọ funfun tó fi abẹ́rẹ́ ya ewé sí, ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, níwájú àga rẹ̀. Ewé méje. Ó kú kí ọmọkùnrin mi tó gbéyàwó. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ àkọ́bí mi obìnrin tó jẹ́ aránṣọ, a ò sì tẹ́ ẹ mọ́ láti ìgbà náà. Ìyàwó tuntun ò ní ewé níbẹ̀. Mo ti gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, pé àlejò lòun jẹ́ nínú ilé yìí. Mi ò dá sí i.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ. Òun ló ní tábìlì náà ti ṣú, kí n bá òun mú un dán. Lọ́jọ́rú, mo fi sánpépà ha á, mo kun fánííṣì lẹ́ẹ̀mejì. Irú fánííṣì yẹn, bó bá di ọjọ́ kejì, kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló ń gbà kó tó lè gbẹ́rù. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún oṣù kan péré mọ èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó fi ìka kan kàn án, ó ní ó ti gbẹ, ó lé mi jáde, ó lọ tẹ́ aṣọ.

Kò bi mí. Mo ní lọ́kàn mi pé kí aṣọ tó ń dán yẹn lẹ̀ mọ́ ọn, kó fi kọ́gbọ́n. Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí, a kì í wò sùn-ùn ká dáràn. Mo dákẹ́. Mo wò sùn-ùn.

Lọ́sàn-án, àwọn ará ilé yòókù dé. Ọkọ àkọ́bí mi wá ibi tó máa gbé ife sí, kò rí, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ebi ló gbé òun wá, òun ò wá bomi rin òdòdó. Ọmọkùnrin mi ń yọjú bá mi sọ̀rọ̀ láàárín ewéko bí ẹni tó ń kí aládùúgbò lórí ọgbà. Wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná síwájú mi, wọn ò fi nǹkan kan tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tí ooru ń ṣe sí fánííṣì tí kò tíì gbẹ, mo tún dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló yà mí lẹ́nu: àkọ́bí mi, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Òun àti ìyàwó kàn ń wojú ara wọn.

Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n kó gbogbo ẹrù kúrò. Ìyàwó àti àkọ́bí mi di aṣọ tó ń dán náà mú ní igun, wọ́n ká a.

Aṣọ ìyàwó mi ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ewé mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀. Ìkẹjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọkùnrin mi, kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wọn.

"Bàbá," ni ìyàwó wí. "Ẹ̀gbọ́n ló ya ewé yìí fún mi, wọ́n ní kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ní kó má sí níbẹ̀, wọ́n á tú u."

Mo na ọwọ́ láti gbé aṣọ náà wò. Kò gbé.

Àkọ́bí mi fa igun kan, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni.

"Bàámi, ọjọ́ wo lẹ kùn ún?"

"Ọjọ́rú."

"Ẹ mọ̀ pé kò tíì gbẹ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá fẹ̀yìn tì, ẹ ń wò wá bí ìran."

Ìyàwó ń sunkún, ó ń sọ pé òun ló jẹ̀bi, òun ni ò bèèrè. Mo ti rí òmùgọ̀ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó gba ipò kìíní ló wà lórí àga mi lọ́jọ́ náà.

Mo lọ mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ mi àti ìgò tapẹntáìnì tó ń mú fánííṣì rọ̀ wá. Àkọ́bí mi di aṣọ mú, ó bèèrè ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ti ìyàwó," ni mo wí. "Kó má baà ya."

Ìyàwó nu ojú. Ó mú ṣíbí, ó ń da tapẹntáìnì náà síbi tí mo bá tọ́ka sí. Èmi ń ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ aṣọ, díẹ̀díẹ̀. Ewé rẹ̀ ṣí láìya. A ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́, a ṣí méje.

Ọ̀kan tó kù wà níbi tí ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná jókòó sí. Ọ̀bẹ ò ràn án. Àkọ́bí mi fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ yí i ká.

Fánííṣì náà ti gbẹ báyìí. Ewé tèmi ṣì wà lára igi tábìlì, níwájú àga mi.