Ẹni tí Ìkẹ́ Ń Kúnlẹ̀ Kí

Ara ń fu Bàbá Ìkẹ́. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ra awò dúdú tí wọ́n fi ń wọ ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ti ń kúnlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ní Festac. Ta ló ń kí? Òun tó bí i lọ́mọ, “ẹ káàárọ̀” orí ìdúró ló ń gbà! Ẹ̀mí òkùnkùn ni, kò sí àní-àní.

Ọjọ́ tí Ìkẹ́ lọ sí Agboju, Bàbá fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ara rẹ̀, ó gbé awò náà wọ̀. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ló ń kí i níbẹ̀, tòun ti fìlà, tòun tẹ̀rín.

“Káàbọ̀, Ìkẹ́ mi. Jókòó. Ṣé o ti jẹun?”

Bàbá ronú títí. Ìgbà wo lòun bi í bẹ́ẹ̀ rí?